Igi Sídírì Ẹ̀yìn Ilé Màmá Duaa

Nígbà tí ayé Sàfúrátù ṣì wà bó ṣe yẹ kó wà, ọkọ rẹ̀, Hàrúnà, jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sórí korobá tó dojú rẹ̀ dé lẹ́yìn ilé Màmá Duaa ní Az-Zahir, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, ó ń pọ́n àlùmọ́gàjí ńlá tó fi ń gé ẹ̀ka igi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán. Sàfúrátù ń bu omi sí ìdí òdòdó pupa tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní jahannamíyà.

"Ìyá Kìfáyà, rọra o," ni Hàrúnà wí. "Nínú gbogbo Mẹ́kà, ìwọ nìkan ni mo rí tó ń bomi rin jahannamu."

"Bàbá Kìfáyà, ẹ jẹ́ n ríbi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbìn ín ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Kí ooru ọdún náà tó rọlẹ̀, ó ti kú.

Màmá Duaa, àgbàlagbà opó tó ni ilé náà, gbà kí Sàfúrátù máa gbé yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ọgbà lọ, kó sì máa ṣe iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Àánú ńlá ni. Sàfúrátù kò ní ìkámà, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Bó bá kúrò nílé yẹn, òkè An-Nakkasah, níbi tí àwọn tí kò níwèé ń fara pamọ́ sí, ló kù tó lè sá lọ, ọkọ̀ ọlọ́pàá a sì máa dúró ní ìsàlẹ̀ òkè náà lójoojúmọ́. Nílé, ní Ìwó, Kìfáyàtù ọmọ rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, àsìkò àtúnṣe ọgbà dé. Sàfúrátù tu èpò inú ebè, ó rẹ́ ẹ̀ka jahannamíyà kúrú kó lè rú dáadáa, ó po ìgbẹ́ ewúrẹ́ mọ́ yẹ̀pẹ̀. Ní igun ebè ni igi sídírì kan wà, kékeré, ẹlẹ́gùn-ún, tí ọ̀dá kì í rí gbé ṣe. Ewé irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gún sínú omi tí wọ́n fi wẹ òkú Hàrúnà.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti kọ́kọ́ ṣe é bákan. Bó bá kírun Àsùbáà tán tó bọ́ síta, á bá ìdí sídírì ní títutù. Òun kọ́ ló bu omi sí i. Àwọn ẹ̀ka gbígbẹ tó bá já sílẹ̀, bó bá di ọjọ́ kejì, á ti wà lẹ́bàá ògiri, títò gbọọrọ, ìdí gbogbo wọn sí ọ̀nà kan náà. Bí Hàrúnà ṣe máa ń tò ó nìyẹn. Òórùn ewé gígún á sì wà nínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó gún ewé.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ Alàmísì kan, Màmá Duaa pè é sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ojú obìnrin náà wú bí ojú ẹni tí kò sùn. Lárúbáwá ni wọ́n jọ ń sọ.

"Igi igun yẹn, ta ló gbìn ín?"

"Ọkọ mi ni, Màmá."

Kò rò ó kó tó sọ ọ́. Ní Jẹ́dà, níbi tí òun àti Hàrúnà ti kọ́ iṣẹ́, igi tó bá ti wà nínú ọgbà, igi ọlọ́gbà ni. Kò rántí pé ilẹ̀ Háráámù, ilẹ̀ ọ̀wọ̀, ni Mẹ́kà. Pé èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn níbẹ̀ ṣe é gé, ṣùgbọ́n èyí tí Ọlọ́run hù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e.

"Bó bá jẹ́ òun ló gbìn ín, gé e. N kò fẹ́ rí i mọ́ bí a bá ti Jímọ̀ dé lọ́la."

"Màmá, igi tó lágbára ni. Kò ṣe nǹkan kan."

"Gé e, Sàfúrátù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, di ẹrù rẹ."

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tó mú àlùmọ́gàjí. Ìdí igi tutù. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹ̀ka àkọ́kọ́ mú, ẹ̀gún gún un lọ́wọ́. Òórùn ewé náà le dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tutù, àfi bíi pé ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tí kò nura, ló bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Ògiri ló rí.

Ó ya ẹnu àlùmọ́gàjí.

"Dúró!"

Màmá Duaa ni, láìwọ bàtà, láìborí. Kì í ṣe Sàfúrátù ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ Sàfúrátù ló ń wò.

"Ó ti tún sọ ọ́," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta ni, Màmá?"

"Ọkọ rẹ. Láti ìgbà tí ooru ti lọ ni mo ti ń rí i lójú fèrèsé, tó ń bomi rin ín. Mo rò pé bí igi bá kúrò, òun náà á kúrò. Ṣùgbọ́n láti àná ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣáá. N kò gbọ́ èdè yín."

Sàfúrátù dìde nílẹ̀. "Kí ló ń sọ?"

Màmá Duaa la ẹnu. Ohùn tirẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ Ìwó ló ṣe pe ọ̀rọ̀ náà:

"Ìyá Kìfáyà, má gé e. Èmi kọ́ ni mo gbìn ín."

Kò sí Yorùbá mìíràn ní gbogbo òpópónà yẹn. Sàfúrátù kò sì dárúkọ ọmọ rẹ̀ létí obìnrin náà rí.

"Kí ni ìtúmọ̀ rẹ̀?"

Sàfúrátù wo ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó lè sọ pé ọkọ òun ní kí òun gé e. Yóò gé e, yóò sì sùn síbẹ̀ lálẹ́. Ó pa ẹnu àlùmọ́gàjí dé.

"Ó ní kí n má gé e. Ó ní òun kọ́ lòun gbìn ín. Màmá, ohun tí n kò mọ̀ ni mo sọ fún yín lánàá."

Ó ń retí kí wọ́n ní kó máa lọ. Màmá Duaa na ọwọ́, ó rọra gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Astagfirullāhi," ó wí. "Ọrùn àwa méjèèjì ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ì bá wà." Ó wọlé lọ. Kò dárúkọ ẹrù dídì mọ́.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ilẹ̀ ìdí igi náà ti ń gbẹ. Sàfúrátù fi ọjọ́ mélòó kan retí kó tún tutù, kó tó lọ bá Màmá Duaa nílé ìdáná.

"Màmá, ṣé ẹ ṣì ń rí i?"

"Rárá. Ìwọ ńkọ́?"

"N kò rí i rí, Màmá."

Sídírì ṣì wà ní igun ebè. Sàfúrátù ló ń bomi rin ín.