Ohun Tí Abẹ́rẹ́ Sọ Nípa Ìtàn Karùn-ún

"Ẹni tó kọ ìtàn yìí ò mọ ìfẹ́. Sùúrù ló mọ̀."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí olùtàwé gbọ́ lẹ́nu obìnrin náà nìyẹn, díẹ̀ ló kù kí ife tíì tó gbé dání bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn òǹkàwé pé jọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, wọ́n jókòó sáàárín àwọn páálí ìwé tí wọn ò tíì tú, wọ́n ń sọ èrò wọn nípa ìwé tuntun kan tí òǹkọ̀wé méjìlá para pọ̀ kọ. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ló kún inú ẹ̀: àwọn tó ń jà, àwọn tó ń tan ara wọn, àwọn tó ti kọra wọn sílẹ̀ tí wọ́n ṣì jọ ń gbé yàrá kan. Olùtàwé ní òfin kan tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú. Ó máa ń lẹ bébà bo orúkọ àwọn òǹkọ̀wé kó tó pín ìwé. Ó ní téèyàn bá ti mọ ẹni tó kọ nǹkan, ojú ẹni náà ló máa ń wò kó tó sọ̀rọ̀.

Ìtàn karùn-ún ló kàn lọ́jọ́ náà. Ọkọ obìnrin kan bá obìnrin míì lọ. Lálaalẹ́, ìyàwó á bu oúnjẹ ọkọ ẹ̀ sórí tábìlì, á dé e, á lọ sùn. Ọdún gorí ọdún. Ọkọ wá dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àìsàn lára, ó bá àwo lórí tábìlì, ó jókòó, ó jẹun. Ibẹ̀ ni ìtàn parí sí.

Àwọn kan ti sunkún. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì mi orí. "Irú obìnrin báyìí ò sí láyé mọ́." Nọ́ọ̀sì kan ní bí òun ṣe kà á tán, ńṣe lòun fi fóònù pe ọkọ òun níbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí ni ọkọ wí. Ó ní kò tiẹ̀ gbé e.

Ìgbà yẹn ni obìnrin tí mò ń wí yìí sọ̀rọ̀. Apòògùn ni, ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wọ́n ní tó bá fi abẹ́rẹ́ gún ọ lápá, ìrora ẹ̀ á ti lọ kó o tó délé. Àmọ́ tó bá fi ẹnu gún ọ, o ò ní sùn mọ́jú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "kí lobìnrin yìí sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Kò bú ọkọ. Kò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Kò tiẹ̀ ju ṣíbí mọ́ ọn! Èyí kì í ṣe èèyàn, tábìlì ni. Tábìlì ló máa ń dúró síbi tí wọ́n bá gbé e sí, tí wọ́n á wá jẹun lórí ẹ̀."

Yàrá dàrú. Awakọ̀ pariwo pé, "Háà! Ẹ̀yin obìnrin ìsinsìnyí!" Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Olùtàwé ní tiẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti páálí. Wọn ò rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn rí.

Nígbà tí wọ́n túká, olùtàwé sáré bá Abẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé bí nǹkan bá ṣe rí lo máa ń sọ ọ́?"

"Ṣé wọ́n tún ń gbà á sọ lọ́nà míì ni?"

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe olùtàwé lemọ́lemọ́.

"Orí ń fọ́ mi," á wí, á fara ti káńtà apòògùn.

"Inú ló ń run ẹ́ lánàá."

"Ó ti gòkè ni."

Ohun gbogbo ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. "Ìfẹ́ mi, ṣẹ́ẹ̀tì yìí ńkọ́?" Á ní, "Ó sọ ẹ́ di kọ́tìnì." Olùtàwé á lọ pààrọ̀ ẹ̀, inú ẹ̀ á máa dùn bí ẹni tí wọ́n yìn. Ó ní, "Tó o bá ní nǹkan dára, ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn. Ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ dá mi lójú láyé yìí." Abẹ́rẹ́ tí ẹnu ẹ̀ ti lé ọkùnrin bíi mélòó kan lọ, òun ló wá rí ẹni tí ẹnu náà gan-an wù. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dọ́kàn. Nígbà míì tó bá ń ka oògùn sínú ike, á kàn dá rẹ́rìn-ín, á tún un kà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ló máa ń bá. Ọjọ́ tí olùtàwé mú un lọ kí ìyá ẹ̀ ni òkò balẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Pálọ̀ ẹ̀ mọ́ tónítóní, aṣọ funfun wà lórí tábìlì ìjẹun, fọ́tò ọkọ ẹ̀ tó ti kú wà lára ògiri. Ó ti na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á mọ́ra.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n rí yín."

Ẹ̀rín kú lójú Màmá. "Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Mo ní ó ti pẹ́..."

"Ó tó." Màmá yíjú sí ọmọ ẹ̀. "Ohùn tó wà nínú fóònù ẹ nìyí."

Olùtàwé wolẹ̀. Màmá rọra fa àga kan jáde nídìí tábìlì ìjẹun, ó fọwọ́ tẹ́ aṣọ funfun náà dáadáa. "Káàbọ̀ o, ìyàwó. Tábìlì ló ń kí ẹ. Jókòó, kó o jẹun lórí mi."

Abẹ́rẹ́ wo fọ́tò ara ògiri, ó wo tábìlì, ó wo ìyá, gbogbo ẹ̀ sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó jẹ nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Níta ni olùtàwé ti là á yé e. Màmá ló kọ ìtàn karùn-ún, ìtàn kan ṣoṣo tó kọ láyé ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ó ń yọ ọmọ ẹ̀ lẹ́nu pé òun fẹ́ gbọ́ ohun táwọn òǹkàwé sọ, ọmọ sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ fún un.

"Bàbá mi lọkọ inú ìtàn yẹn," ló wí. "Èmi ni mo máa ń kó àwo yẹn láràárọ̀. Tí mo bá ti ń da oúnjẹ nù, màá máa sọ nínú mi pé kí ẹnì kan ṣáà pariwo nínú ilé yìí. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ọjọ́ tó o sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n tú okùn lọ́rùn mi."

Màmá ò gbé fóònù ọmọ ẹ̀ mọ́. Ó kàn ránṣẹ́ ni. Ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé máa wá sí ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n máa ṣí bébà kúrò lórí orúkọ. Kí ọmọbìnrin náà dìde lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà, kó wo ojú òun, kó sọ èrò ẹ̀. Ohun tó bá sọ lòun máa fi mọ̀ bóyá ìyàwó ni àbí ọ̀tá.

"Má parọ́ fún un," olùtàwé bẹ̀ ẹ́. "Jọ̀ọ́, ayọ̀ mi. Sọ ọ́ bó ṣe rí. Màmá á bínú, inú ẹ̀ á sì padà rọ̀."

"Tí kò bá rọ̀ ńkọ́?"

Olùtàwé tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe. Ó ti ń rù. Ṣẹ́ẹ̀tì tó bá a mu tẹ́lẹ̀ ti ń jó lára ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n ń ṣẹ́ etí aṣọ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé ìtàn lo fẹ́ fẹ́ ni àbí ọkọ? O ò gbọ́ tí wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké? Dìde, yin ìyá arúgbó, kó o gba ọkọ ẹ. Ìwé lásán làsàn!"

"Ó ní kí n má parọ́."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bá mi na etí aṣọ yìí."

Ọjọ́ náà pé. Àga ò tó, àwọn kan dúró. Olùtàwé ṣí bébà kọ̀ọ̀kan, òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ń dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan karùn-ún, Màmá dìde nínú aṣọ búlúù, awakọ̀ sì kígbe, "Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá?" Màmá ò wo awakọ̀. Abẹ́rẹ́ ló ń wò.

Abẹ́rẹ́ dìde. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ó wo olùtàwé, ó rí bí ọrùn ẹ̀ ṣe tín-ín-rín nínú ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù àtipàdánù ẹ̀ sì bà á.

"Mo ti tún ìtàn karùn-ún kà," ló wí. "Èmi ni mi ò mọ ìfẹ́, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́. Gbogbo alẹ́ tó ń gbé àwo yẹn kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Etí mi ni kò gbọ́ ọ. Ìtàn tó dára jù nínú ìwé yìí nìyẹn. Màmá, ẹ forí jì mí." Omijé dà lójú ẹ̀, omijé gidi.

Màmá la ọwọ́. "Ìyàwó mi!" Nọ́ọ̀sì ń nu ojú, awakọ̀ ń pariwo pé, "Mo ti wí! Mo ti wí!" Láti èjìká Màmá ni Abẹ́rẹ́ ti ń wá ojú ọkùnrin ẹ̀. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó ń to àga.

Ohun gbogbo wá ń lọ geere. Ìdílé mọ ìdílé, wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń pe ìyàwó ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dára fún mọ́. Orí kì í fọ́ olùtàwé mọ́, inú kì í run ún. Kò béèrè nǹkan kan mọ́. Abẹ́rẹ́ bá a níbi tó ti ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ó yẹ ẹ́, ìfẹ́ mi." Ọkùnrin náà wo dígí fún ìgbà díẹ̀, ó bọ́ ọ, ó ká a padà sínú ọ̀rá.

Abẹ́rẹ́ mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn. "Kí ni mo ṣe? Nítorí ẹ ni mo ṣe parọ́!"

"Mo mọ̀. Nítorí bàbá mi ni Màmá náà ṣe ń gbé àwo."

"Mi ò parọ́ fún ẹ rí."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀? O sunkún. Ká ní mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, èmi gan-an ì bá ti gbà ẹ́ gbọ́."

Inú bí Abẹ́rẹ́ wàyí. "Ìwọ ńkọ́? O mọ ohun tí mo sọ, o mọ ìyá tó o fẹ́ gbé e fún, o ò pa ohùn mi rẹ́ nínú fóònù. Ẹnu tèmi lo fi bá ìyá ẹ jà! Ìgbà tí ìjà dé, kí lò ń ṣe? Àga lò ń tò!"

Olùtàwé wo ilẹ̀. "Òótọ́ ni," ló wí.

Òótọ́ ni lóòótọ́, kò sì tún nǹkan kan ṣe láàárín wọn.

"Mo fẹ́ràn ẹ," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Bó o ṣe fẹ́ràn ìtàn Màmá?"

Abẹ́rẹ́ la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu ló ti sọ tẹ́lẹ̀ fún ẹlòmíì, pẹ̀lú omijé. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọdá títì lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó.

Olùtàwé ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó kó lọ sí ìlú míì. Màmá ni kò lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, ọ̀dọ̀ Abẹ́rẹ́ ló sì ń wá ra oògùn. Bó bá ti wọlé, á ní, "Ìyàwó mi, báwo ni?" Gbogbo oníbàárà á yíjú wò wọ́n. Abẹ́rẹ́ á ní, "Dáadáa ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé irọ́ lò ń pa lọ́jọ́ náà," Màmá sọ fún un lọ́jọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù dá. "Olùkọ́ ni mí. Mo mọ ọmọ tó ń ké ohun tó há sórí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà á?"

"Ìwọ náà wo ìbéèrè! Ẹni tó lè gbé irú irọ́ yẹn mì nítorí ọmọ mi, ebi ò lè pa ọmọ mi nílé ẹ̀ láé. Ọmọ náà ni kò gbọ́n." Ó mí kanlẹ̀. "Mo kọ òmíràn." Ó fa bébà tí wọ́n ká yọ nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà. "Kà á. Sọ òótọ́ fún mi lọ́tẹ̀ yìí. Ara mi gbà á."

Abẹ́rẹ́ ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ẹ̀ lọ sí ìlú míì. Lálaalẹ́, ìyá náà ń bu oúnjẹ ọmọ sórí tábìlì, ó ń dé e. Kò pe ọmọ náà, kò kọ̀wé sí i, kò ní kó dárí ji òun. Màmá di etí káńtà mú, ó ń wo ẹnu ẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí èsì ìdánwò.

"Ó dára, Màmá," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ó dára gan-an ni."

Irọ́ náà yọ lẹ́nu ẹ̀ wẹ́rẹ́. Kò tiẹ̀ dùn ún mọ́. Ó ká bébà náà, ó dá a padà fún un, ó sì yíjú láti lọ mú oògùn ẹ̀.