Plọ́gíìnì Tí Kò Gbà Kí Wọ́n Pa Òun

"Irọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń yọ lábẹ́ gbogbo ìmọ̀ràn tí Bàbá Onísùúrù bá kọ fún àwọn tọkọtaya lórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀. Bó bá pa á rẹ́, kó tó mí, á tún ti jókòó síbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni títún búlọ́ọ̀gì ṣe, òun ló ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, ìyá olóògbé ìyàwó rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó káwọ́ lérí. Mo kí i.

"Ọmọ mi ò ṣàìsàn o," ló fi dá mi lóhùn. "Ó jẹun, ó lọ sùn. Wọ́n ní kò jí."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́.

Mo rò pé àwọn plọ́gíìnì ló ń bára wọn jà, àwọn ètò kéékèèké tí a ń so mọ́ búlọ́ọ̀gì: ọ̀kan ń to àwòrán, òmíràn ń gba èsì àwọn òǹkàwé. Bí méjì ò bá gbọ́ra wọn yé, gbogbo ilé á dàrú. A ó pa gbogbo wọn, a ó wá máa tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀dàlẹ̀ á fi jáde.

Mo pa wọ́n. Ọ̀kan kọ̀. Kò lórúkọ. Bí mo ṣe ń pa á ló ń tàn. Òórùn ìpara kan sì gba inú yàrá.

Ìyá náà gbórí sókè. "Ìpara ọmọ mi nìyẹn."

"Bàbá, ta ló ṣe plọ́gíìnì yìí?"

"Ìyàwó mi." Òógùn ti bò ó. "Yọ ọ́ dànù."

"Ohun tí ẹ̀ ń kọ ni kò bá a mu, sà. Bí a bá fipá yọ ọ́, n ò mọ ohun tó máa bá a lọ."

"Mo ní yọ ọ́! Òkú kì í bá alààyè du ilé!"

Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ó yanu, kò sí ohùn. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, iṣan ọrùn rẹ̀ le tantan, kò sí ohùn. Ṣùgbọ́n bí ètè yẹn ṣe ń mì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń tò sórí búlọ́ọ̀gì lójú kọ̀ǹpútà. Ìyá náà dìde, ó sún mọ́ ọn, ó ń kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Ó ní òun ń kó jáde. Mo gbé ìrọ̀rí lé e lójú. Ó ń fèékánná ya mí lápá. N ò gbé e kúrò."

Ọkùnrin náà fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ò dúró. Àwọn òǹkàwé ti ń rí i káàkiri. Ó kúnlẹ̀, ó ń fojú bẹ̀ mí. Mo nawọ́ kí n pa ẹ̀rọ náà.

Ìyá rọra di ọwọ́ mi mú. "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀."

Àwọn ọlọ́pàá ló wá gbé e. Mo gbọ́ pé ohùn ti padà sí i lẹ́nu lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá ti dùbúlẹ̀, ohùn obìnrin ló ń ti ọ̀fun rẹ̀ jáde, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun mí.