Àádọ́rin Kílò Àbúrò Mi

Mo ṣèlérí: ìtàn yìí ò ní gùn. Òótọ́ pọ́ńbélé sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń gbà mí gbọ́ mọ́.

Èmi ni mò ń wọn lọ́rì lẹ́nu ọ̀nà àkìtàn ìlú. Lọ́rì á gun pẹpẹ irin tí a fi ń wọn ọkọ̀, tòun tẹrù, màá kọ ìwọ̀n rẹ̀. Á lọ dà á nù, á padà lófìfo, màá tún kọ ọ́. Awakọ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀. Lọ́rì àbúrò mi, lófìfo, pẹ̀lú òun nínú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kílò ni. Kì í lé, kì í dín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ lọ sí kòtò tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́, kí oró má baà dé odò. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé atẹ́gùn gbé fìlà òun sínú rẹ̀, òun sì wọ ibẹ̀ lọ mú un.

Nígbà tó padà gun pẹpẹ, ó juwọ́ sí mi. Fìlà wà lórí rẹ̀. Ìwọ̀n dín ní àádọ́rin.

Àádọ́rin kílò ni àbúrò mi. Èmi ni mo fi pẹpẹ ọ̀hún wọ̀n ọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tó gbaṣẹ́.

Mo ní, “Sọ̀ kalẹ̀ ná.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ò mì.

“Padà wọlé.”

Ó wọlé. Abẹ́rẹ́ ò mì. Àwọn ẹyẹ orí àkìtàn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń wò?”

“Ìwọ̀n ló ń ṣeré.”

Lọ́rì tó tẹ̀lé e wọ̀n pé pérépéré.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ bo kòtò. Bí mo bá kọ iye tí mo rí, wọn ò ní bò ó láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìwé mi ò lábàwọ́n rí. Mo kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.

Wọ́n bò ó. Wọ́n gbin koríko sórí rẹ̀. Koríko hù dáadáa. Ibì kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ wọlé lálaalẹ́, bí ibùsùn ẹni tó ń yí ara padà lójú oorun.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ilé mi ni àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. A kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ àná, ìyàwó rẹ̀ ń yìn ín fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n wa, ọkọ mi mà mọ oorun sùn o. Bẹ́ẹ̀dì kì í tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.”

Mo ní ó kú oríire.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ibi tó ń tẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.