Àmì Tó Tẹ̀ Lé Ohùn

Ọmọbìnrin náà bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn láyé. Láti ẹ̀yìn gíláàsì yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń wò ó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi orin ṣe géèmù. Á to àmì sórí orin lọ́kọ̀ọ̀kan, àmì á máa já bọ́ lójú fóònù, ẹni tó ń ṣeré á sì máa tẹ̀ ẹ́ bí orin ṣe ń lọ. Alámì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́.

"Ṣé ohùn mi dáa, àbí ẹ̀rù ló bà yín?" ni olórin náà bi í nígbà tó jáde.

"Ó dáa. Ẹ kàn máa ń pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé orí ìlù ni."

"Mo lè pẹ́, àmọ́ mo máa ń dé."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Kí oṣù tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, wọ́n sì ti ń jẹun ọ̀sán pọ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé iṣẹ́.

Olórin náà ní àìsàn ọ̀fun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ há. Orin tó kọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé nìkan ló kù tí ohùn àtijọ́ náà wà nínú rẹ̀, inú géèmù yìí nìkan layé sì ti máa gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbọ́ orin náà, ó sì fajú ro.

"Ohùn yìí ò bá ìlù mu. Níbí ó yá, níbẹ̀ yẹn ó fà sẹ́yìn. Bí kò bá tọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, a máa yọ ọ́."

Ìfẹ́ kò jẹ́ kí Alámì ronú. Ó gé ohùn olólùfẹ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó fa gbogbo rẹ̀ dé orí ìlù, ó tọ́ bí ìlà. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé e lọ fún un bí ẹni gbé ẹ̀bùn lọ.

Omi bọ́ lójú olórin. "Ta lèyí?"

"Ìwọ ni. Mo kàn tún un ṣe ni."

"Ẹni yìí ò mí. Gbogbo ibi tí mo ti mí, o ti gé e dànù. Ohun tó kù mí kù náà nìyẹn, o sì gé e láìbi mí."

Ó dìde, ó lọ. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi gbé ìpè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Alámì gba ṣọ́ọ̀bù bàbá olórin náà lọ. Káfíńtà ni bàbá náà, ó ń fá ilẹ̀kùn lọ́wọ́.

"Ìwọ lo gé ọmọ mi lóhùn?"

"Èmi ni, sà. Mo wá bẹ̀bẹ̀ ni."

"Di ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn yẹn mú." Ó dì í mú. Bàbá fá a síwá, ó fá a sẹ́yìn. "Ògiri ilé tí mo ń ṣe èyí fún wọ́. Ṣé kí n wó ògiri ni? Ilẹ̀kùn ni mò ń fá. Bí ọmọ mi bá tún sunkún, má padà wá síbí."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ọjọ́ méjì ló kù. Alámì da ohùn tó gé nù, ó gbé ti tẹ́lẹ̀ padà, ó pa gbogbo ìlà tó ń tọ́ka sí ìlù rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà kó má baà tàn án jẹ. Ó wá fi etí nìkan ṣiṣẹ́. Àmì irínwó ó lé méjìlá ló sún lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lórí ìlù sórí ohùn náà. Níbi tí olórin ti fa ọ̀rọ̀ gùn, ó fa àmì gùn. Níbi tó ti mí, ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹsẹ̀ orin kan gba odindi àárọ̀ kan. Etí ń dùn ún, kò dúró.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá fúnra rẹ̀ gba fóònù. Ó ṣì í tẹ̀, ó tún ṣì í tẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa lè ṣe eléyìí."

"Ẹ gbàgbé ìlù, ọ̀gá. Ohùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí."

Ọ̀gá mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi dé ẹsẹ̀ kẹta, orí rẹ̀ ti ń mì tìtì, ìka rẹ̀ ò ṣì í mọ́. Orin parí, ó tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni Alámì ti bá olórin. Ó na fóònù sí i. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"O fi mímí mi sílẹ̀," ló wí.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, olólùfẹ́ mi. Mi ò ní gé nǹkan kan lára rẹ mọ́. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Ohùn tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ yẹn ti lọ o. Eléyìí tó kù, ó há. Látìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwòsàn, mi ò tíì kọrin."

"Kọ ọ́. Màá tò ó."

Olórin wo bàbá rẹ̀. Bàbá gbé irinṣẹ́ kalẹ̀. Ọmọbìnrin náà wá lanu, ó kọrin. Ohùn náà há, ó já lójú ọ̀nà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Alámì gbé ìka lé orí pákó, ó ń tẹ̀ lé e: bó bá yá, ó yá; bó bá já, ó dúró dè é. Nígbà tórin parí, ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ lé ọwọ́ tó wà lórí pákó náà.

"Mo gbà," ló wí, ohùn rẹ̀ há gan-an.