Orin Ìdájí Kì í Ṣe Orin Ọ̀sán

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Dosu kọ́kọ́ yọ sí ṣọ́ọ̀bù Tọ̀yìbátù ní Mówó, ó gbá jìtá mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

Tọ̀yìbátù ti mọ̀ ọ́n kó tó lanu. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òun ni Egùn tó ń lu jìtá fún àwọn àlejò ní ilé ìtura etí òkun, tó ń da orin àwọn ará Íńdíà pọ̀ mọ́ jáàsì. Àwọn èèyàn ní Màmí Wọ́tà ló fi ń pè. Tọ̀yìbátù ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kò lè sọ pé irọ́ ni.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Tọ̀yìbátù. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sọdá Sèmè lọ sí Kútọnu, kò padà, orí fóònù ló ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ohun gbogbo ló ń bà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń yẹ àgádágodo ilẹ̀kùn rẹ̀ wò kó tó sùn.

"Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní ẹ mọ aṣọ rán."

"Aṣọ ta ni?"

"Aṣọ tiẹ̀ yìí." Dosu na jìtá sí i. "Àpò rẹ̀ ti ya. Iyọ̀ òkun fẹ́ bà á jẹ́."

Tọ̀yìbátù na tépù, ó ń wọ̀n ọ́n láìfi ara kàn án.

"Ọrùn rẹ̀ gùn o. Ìdí rẹ̀ náà... ó fẹ̀ ju àyà lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń wù mí." Dosu yára fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ forí jì mí, mà. Jìtá ni mò ń sọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tọ̀yìbátù. Ó ya òun alára lẹ́nu.

Ó rán àpò náà nípọn, ó fi fóòmù sínú, ó fi àǹkárá síta. Nígbà tí Dosu wá gbà á, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó lu orin kan. Okùn kan nísàlẹ̀ ń dún ṣáá, kò kúrò lójú kan. Àwọn yòókù ń rìn kiri, wọ́n á fẹ́ sọnù, wọ́n á tún padà wálé. Tọ̀yìbátù gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Awanu," ni Dosu wí, ó tẹrí ba. Bí àwọn Egùn ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí Dosu ò yà. Díẹ̀díẹ̀, "ẹ" di "o". Ó sọ fún un pé ọdún mẹ́sàn-án lòun fi wa mọ́tò fún ẹnjiníà ará Íńdíà kan ní Ìkẹjà, bàbá náà ló sì kọ́ òun ní orin ilé wọn. Inú òtẹ́ẹ̀lì lòun ti kọ́ jáàsì.

"Bàbá náà gba ìlérí lọ́wọ́ mi," ló wí. "Orin kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tiẹ̀. Orin ìdájí, mi ò gbọdọ̀ lù ú lọ́sàn-án. Bàbá ti kú. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ ò tíì kú."

Orin ìdájí yìí ló wá ń lù fún Tọ̀yìbátù. Bí obìnrin náà bá ti kírun Àsùbáà tán, fóònù á dún. "Tọ̀yìbá mi, adùn mi, ṣé o jí ire?" Lẹ́yìn náà, jìtá. Tọ̀yìbátù á jókòó lórí ẹní ìkírun, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Ọpẹ́ ni, pé ọkàn òun ṣì lè fẹ́ràn èèyàn.

Láídé, ará yàrá kejì, gbọ́ ọ láti ara ògiri. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tó fi dé etí Zàíd, ẹ̀gbọ́n Tọ̀yìbátù, tó ń ta aṣọ ní Àgbádárìgì. Dosu àti Tọ̀yìbátù ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n bàbá Tọ̀yìbátù ti kú. Zàíd ni yóò fi í fún ọkọ. Bí Zàíd bá kọ̀, kò sí nìkáì.

Ó pe àwọn méjèèjì lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú.

"Dosu, mùsùlùmí ni ọ́, n ò bá ọ jà lórí ẹ̀sìn. Orin ni. Wọ́n ní ohun kan wà tí ò ń lù tó ń pa àbúrò mi lẹ́kún nídàájí. Lù ú ká gbọ́."

Dosu dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Orin ìdájí ni. Mo lè lu òmíràn."

"Ṣé òmíràn ni mo béèrè?"

"Mo ti ṣèlérí fún bàbá tó kọ́ mi, sà. Wọ́n ti kú."

"Ohun tí ò ṣeé gbọ́ lójú oòrùn, inú ẹ̀ ò mọ́!" Zàíd dìde. "Máa lọ. Jìtá Màmí Wọ́tà ò ní bá mi dána."

Tọ̀yìbátù sáré bá a níta. "Dosu, kí ló ṣe ọ́? Ká ní o lu èyíkéyìí, ṣé ẹ̀gbọ́n mi máa mọ̀ ni?"

"Wọn ò ní mọ̀. Èmi á mọ̀." Dosu ò gbójú sókè. "Tí mo bá purọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ lónìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìwọ lọ́la?"

Ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ohun téèyàn bá fẹ́ gbọ́ ló máa ń sọ.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe kírun tán ló jáde. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Tọ̀yìbátù tí kì í jáde ṣáájú oòrùn gun ọ̀kadà láti Mówó lọ sílé Zàíd ní Àgbádárìgì, ó di ọlọ́kadà mú pinpin.

"Màmá, ẹ rọra! Èmi lẹ fẹ́ fún pa yìí, kì í ṣe ẹ̀rù!"

Zàíd ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Tọ̀yìbátù! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi." Ìgbà yẹn ni fóònù tó ń retí wá dún. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi lé Zàíd lọ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọ. Àsìkò rẹ̀ nìyí."

Ohùn Dosu jáde. "Tọ̀yìbá mi, mi ò rò pé o máa gbé e. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá takú, n ò ní jí ọ gbé mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ni bàbá rẹ báyìí. Mo kàn fẹ́ dúpẹ́ pé mo mọ̀ ọ́. Gbọ́."

Ó lù ú. Atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ láti orí ọ̀sà. Ìka Zàíd dúró lórí tẹ̀sùbáà. Nígbà tí orin parí, ó fi etí jalabíà nu ojú.

"Ta ló ń bá a lu ìkan tó dúró sójú kan yẹn?"

"Òun nìkan ni, ẹ̀gbọ́n."

Zàíd gbé fóònù sẹ́nu. "Dosu."

Nǹkan ṣubú lódìkejì, gbì!

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ... ẹ káàárọ̀, sà!"

"Ṣé jìtá ló ṣubú ni, àbí ìwọ?"

"Èmi ni, sà."

Zàíd rẹ́rìn-ín. "Òkú lo ò fẹ́ dà lánàá. Àbúrò mi tó wà láàyè ńkọ́?"

"N ò ní dà á, sà. Láéláé."

"Kó àwọn èèyàn rẹ wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n so nìkáì. Bí àdúrà ṣe parí, Zàíd wo oòrùn, ó wo àpò àǹkárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ìyàwó.

"Ṣé o ní èyí tó bá ọ̀sán mu?"

"Ó wà, sà."

"Kí lò ń dúró dè?"

Nídàájí ọjọ́ kejì, fóònù Tọ̀yìbátù ò dún. Ẹ̀gbẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ ni Dosu jókòó sí, tó ń lù ú. Ibẹ̀ ni Tọ̀yìbátù ti rántí pé òun ò yẹ àgádágodo wò lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá.

"Awanu," ló wí. Bóyá Ọlọ́run ló ń sọ fún, bóyá Dosu ni. Àwọn méjèèjì ló tọ́ sí.