Ṣéènì Tó Gbó Lójú Ọ̀nà Ọ̀kà

Kùrukùru ṣì bo àwọn òkè Ìkàrẹ́ láàárọ̀ tí Ashraf kọ́kọ́ ti kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Sọ̀fíyàt. Tíṣà ni Ashraf. Ọ̀kà ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àmọ́ Ìkàrẹ́ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Sọ̀fíyàt ní tirẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ojú bàbá ò ríran dáadáa mọ́, òun ló gba ṣọ́ọ̀bù.

"Tí mo bá ti ń gun òkè, ṣéènì á máa fò," ni Ashraf wí.

Sọ̀fíyàt bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka fa ṣéènì níwájú. Ṣéènì náà dìde gan-an kúrò lára eyín irin.

"Ẹ wò ó, tíṣà. Ṣéènì tó bá ṣì dáa kì í dìde báyìí. Èyí ti nà. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ eyín firiwíìlì, irin eléyín tó wà lẹ́yìn yìí."

Ashraf fọwọ́ bo ṣéènì náà. "Bàbá mi ló fọwọ́ ara wọn so ó. Wọ́n ti kú. Ẹ ṣáà bá mi fi epo sí i."

Sọ̀fíyàt wo ojú rẹ̀, kò jiyàn. Ó fi epo sí i. Nígbà tí ọkùnrin náà wọ inú kùrukùru lọ, Sọ̀fíyàt dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń lálàá.

Kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀, Ashraf ti ń yà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kẹ̀kẹ́ bàjẹ́ o, kò bàjẹ́ o. Wọn á jókòó sórí tááyà àtijọ́, wọn á jẹ bọ̀ọ̀lì, wọn á máa wo ìkuukùu tó ń rọra kọjá lórí òkè. Ìfẹ́ sẹ̀ sí wọn lára bí ìrì, wọn ò mọ ìgbà tó dé.

"Olólùfẹ́ mi," Sọ̀fíyàt á ní, "ṣéènì yẹn ńkọ́?"

"Mo gbọ́, ayọ̀ mi. Kò tíì yá."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí Ashraf ṣe ń gun òkè wọ Ọ̀kà, ṣéènì fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, ó ṣubú lé òkúta, apá rẹ̀ kán.

Sọ̀fíyàt gbé ọsàn dání wá kí i. Ìyá Ashraf, Ràfíátù, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ lo tún kẹ̀kẹ́ ṣe, àbí? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Má wá síbí mọ́."

Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀. Kò wí àwíjàre kankan. "Ẹ má bínú, mà. Ọlọ́hun á fún un ní àlàáfíà." Ó gbé ọsàn sílẹ̀, ó yíjú padà, ó ń lọ, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ashraf gbọ́ láti inú yàrá, ó jáde tòun ti apá tí wọ́n dì.

"Màámi, ó sọ fún mi, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èmi ni mo kọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ohun tí ọwọ́ bàbá mi so."

Ìyá rẹ̀ jókòó.

"Bàbá rẹ? Bàbá rẹ kì í jẹ́ kí ṣéènì gbó mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Tá a bá ti ká kòkó tán lọ́dọọdún, á tú u dànù, á so tuntun. Èyí gan-an, ó ti lóun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀."

Ashraf, tí kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, wá bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ dìde, ó sáré jáde sójú ọ̀nà.

"Sọ̀fíyàt, ọmọ mi, dúró. Mo ṣì ọ́ bá wí."

Lọ́jọ́ kejì, Sọ̀fíyàt tú ṣéènì náà. Ó tú firiwíìlì pẹ̀lú, torí eyín rẹ̀ ti mú ṣóṣóró bí ẹ̀gún, ṣéènì tuntun ò sì ní dúró lórí rẹ̀. Ashraf jókòó tì í, ó ń wò ó, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n so yìgì wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá Sọ̀fíyàt. Nígbà tí àfáà bi Ashraf bóyá ó gbà, ojú Sọ̀fíyàt ló ń wò, kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi í.

Ìyá rẹ̀ rọra fọwọ́ kàn án léjìká. "Dá wọn lóhùn, ọmọ mi. Òjò ń bọ̀."