Àǹtí Fò, Tíńtín Kígbe

Tíńtín tètè jí lọ́jọ́ Sátidé. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Lónìí, Àǹtí máa fò!

Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n Tíńtín. Nígbà tó wà ní yunifásítì, ó fò, ó fò, ó fò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní báyìí, ó ti jáde. Fífò ti di iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló máa fi jẹun.

Òní ni ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Àǹtí, kí lẹ máa ṣe níbi iṣẹ́?"

"Màá sáré. Màá fò. Màá fi ìdí jókòó sínú yanrìn."

"Ṣé iṣẹ́ náà nìyẹn?" ni Tíńtín wí. Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Pápá ìṣeré kún fọ́fọ́. Tíńtín àti Mọ́mì jókòó níwájú pátápátá.

Àǹtí lẹ téèpù búlúù kékeré kan mọ́lẹ̀, ní ọ̀gangan bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló máa fò," ni Mọ́mì wí. "Ṣé o rí pákó funfun yẹn? Ẹsẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Bó bá kọjá, wọ́n á gbé àsíá pupa; bí ò bá kọjá, àsíá funfun."

Àwọn eléré ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ó kan Àǹtí.

Gbì, gbì, gbì! Ó sáré.
Fíìì! Ó fò.
Wàà! Ó balẹ̀ sínú yanrìn.

Àsíá pupa! Ẹsẹ̀ ti kọjá pákó.

Ó tún kan Àǹtí.

Gbì, gbì, gbì! Fíìì! Wàà!

Àsíá pupa!

Ó ku ẹyọ kan. Àǹtí káwọ́ lérí. Mọ́mì fi ọwọ́ bojú.

Tíńtín ò bojú. Ó wo téèpù. Ó wo bẹ́ǹṣì.

Háà! Téèpù ò sí ní ọ̀gangan bẹ́ǹṣì mọ́. Ó ti sún síwájú, ó ti dé ọ̀gangan garawa omi kan!

"Àǹtí!" Ohùn Tíńtín kéré bíi ti ẹ̀fọn.

"Àǹtíí!" Ariwo èrò bò ó mọ́lẹ̀.

Tíńtín wo èrò tó yí i ká. Gbogbo èèyàn máa wo òun! Àmọ́ Àǹtí ti fẹ́ sáré.

Tíńtín gun orí àga. Ó fa èémí sínú.

"ÀǸTÍÍÍÍ! TÉÈPÙ YÍN TI RÌN!"

Gbogbo pápá pa lọ́lọ́.

Àǹtí wo ilẹ̀. Kóòṣì rẹ̀ sáré dé, ó fi okùn ìwọ̀n wọn ọ̀nà.

"Òótọ́ ni! Bàtà ẹnì kan ló gbé e. Ojú ọmọ yìí mú o!"

Wọ́n dá téèpù padà sí àyè rẹ̀.

Gbì, gbì, gbì!
Fíìììììì! Ó lọ, ó lọ, bíi pé ilẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀.
Wàà!

"Tíńtín, àsíá wo ni?" Mọ́mì ò lè wò.

"Funfun ni, Mọ́mì! Funfun!"

Àǹtí ṣe ipò kejì. Ó sáré wá, yanrìn kún irun rẹ̀. Ó gbé Tíńtín sókè.

"Níbo lo ti rí ohùn ńlá yẹn?"

Tíńtín ronú díẹ̀.

"Inú mi ló wà tẹ́lẹ̀," ló wí.